Ìwé Reluwé Tí Crescencio Apodaca Ń Wá

Dos Cerros, New Mexico
Ọjọ́ kẹfà, Oṣù Kẹwàá, 1987

Delfina ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òjò Glasgow yẹn ti jẹ́ kí aṣọ rẹ gbẹ rí láti ọdún mẹ́rin tí o ti débẹ̀? Àwa wà láàyè níbí. Ìyá rẹ ń sun ata tútù níta bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, èéfín rẹ̀ sì ń ta mí lójú. Tí o bá rí ibi tí omi kán sí lórí ìwé, èéfín ni o. Kì í ṣe pé mò ń sunkún nítorí rẹ, má yangàn. Kérésì méjì lo ti ní ò ń bọ̀ wálé. A ti gbọ́.

Ohun tí mo fi ń kọ̀wé rèé. O mọ ibùdó reluwé wa, tí ọkọ̀ èrò kì í dúró níbẹ̀ mọ́. Ìlú fẹ́ sọ yàrá tí èrò máa ń jókòó sí di yàrá ìkàwé. Viola Hathaway, tíṣà rẹ ní kíláàsì kẹrin, ni olórí ìgbìmọ̀ wọn. Ó wá bá mi nílé, ó ní, "Crescencio, ọdún mẹ́rìnlélógójì lo fi tún ojú irin yìí ṣe. Pẹpẹ ìwé kan jẹ́ tìrẹ. Ìtàn reluwé ìwọ̀-oòrùn ni kó wà lórí rẹ̀, ìwé gidi nìkan. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún la máa ṣílé."

Mo ní, "Viola, ojú irin ni mo mọ̀, mi ò mọ ìwé."

Ó ní kí n lọ mọ̀ ọ́n.

Mo ti wá ka mẹ́fà báyìí, ọmọ mi, inú ń bí mi. Èyí àkọ́kọ́ ní ọlọ́rọ̀ kan ló kọ́ ojú irin láti orí òkè dé etí òkun. Òun nìkan! Ọkùnrin tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú nínú àwòrán. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ́ńjìnì ló kún inú rẹ̀ bámúbámú, bí ẹni pé orí afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń sáré. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, olè ló wà níbẹ̀, igba ojú ìwé, olè lásán. Nínú ọdún mẹ́rìnlélógójì, olè kan ṣoṣo ni mo rí lójú irin, ewúrẹ́ Benavídez aládùúgbò wa tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán mi. Mi ò ní dárúkọ àwọn mẹ́ta tó kù, torí ìyá rẹ á ka lẹ́tà yìí.

Báyìí ni mo ṣe ń mọ ìwé tó dára: màá wá ibi tó ti sọ ohun tí fóòmàn jẹ lọ́sàn-án. Tó bá wà níbẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ ti bá èèyàn sọ̀rọ̀. Tí kò bá sí, ó kàn jókòó sídìí tábìlì ni.

Ìwọ lo sọ fún wa pé ṣọ́ọ̀bù ìwé pọ̀ níbẹ̀ ju ilé ọtí lọ. Bá mi wá a.

Bàbá rẹ,
Crescencio

Delfina, èmi Eloísa nìyí. Bá a wá ìwé náà kíákíá. Orí tábìlì oúnjẹ ló ti ń bá àwọn tó kọ̀wé jà, wọn kò sì sí níbẹ̀ láti dá a lóhùn. Èmi ló ń wò.


Glasgow
Ọjọ́ kejì, Oṣù Kọkànlá, 1987

Bàbá mi àti Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ara yín. Mo rí lẹ́tà yín gbà. Mo gbóòórùn ata lára rẹ̀, ebi sì pa mí títí di ọjọ́ kejì. Àlàáfíà ni mo wà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì pọ̀, òjò náà pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn mi máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní ti Kérésì, ẹ má bínú. Wọn kò fún mi ní ìsinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ ti gbọ́.

Bàbá, mo ti rí ìwé yín! Bàbá arúgbó kan wà nítòsí ilé ìwòsàn wa, Archibald Meikle lorúkọ rẹ̀, ìwé àlòkù ló ń tà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ há débi pé tí ẹ bá fẹ́ yí padà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde síta. Mo ní ìtàn reluwé ni bàbá mi ń wá. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bí ìbejì fún.

Ó ní, "Níbo gan-an?"

Mo ní, "Ìwọ̀-oòrùn."

Ó ní, "Há! Bàbá rẹ gbọ́n. Ibẹ̀ ló dára jù."

Ó gun àkàbà, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú mẹ́ta, ó ní kò sí èyí tó dára tó wọn láyé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ojú mi ti wúwo, nítorí náà ibẹ̀ la ti dì wọ́n, mo sì gbé wọn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ fún Míísìsì Hathaway pé ọmọ kíláàsì kẹrin rẹ̀ ti ṣiṣẹ́.

Ọmọ yín,
Delfina


Dos Cerros
Ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Kejìlá, 1987

Delfina,

Àgùntàn.

Mo ṣí ìwé kìíní, àgùntàn ni mo rí, ó dúró létí ojú irin nínú òjò. Mo ṣí ìkejì, adágún omi, ìkùukùu, àti ọkùnrin kan tó wọ síkẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí ìkẹta, àgùntàn àkọ́kọ́ yẹn ló tún padà wá, ó mú ẹbí rẹ̀ dání. Ìwọ̀-oòrùn Scotland! Ọmọ tí mo bí, tí oòrùn Dos Cerros sun lẹ́yìn títí ó fi pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ni wọ́n béèrè ìwọ̀-oòrùn lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò mọ èyí tí bàbá rẹ̀ ń wí!

Ìwọ̀-oòrùn tiwa ni mo ní. Ibi tí kò ti sí omi. Ibi tí a ti ń fi igi ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn ká tó rí nǹkan tẹ́ sábẹ́ irin. Sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Meikle pé mo kí i, kó ra máàpù.

Ó ku oṣù márùn-ún kí wọ́n tó ṣílé. Pẹpẹ ìwé mi ti wà nílẹ̀, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kàn án, igi páìnì gidi. Ìwé méjì péré ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni mo sì fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tẹ́lẹ̀.

Kérésì á dùn láìsí ọ. Ṣé o rí i, mi ò sọ pé a ti gbọ́.

Bàbá rẹ

Delfina, Eloísa ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ka ìwé àgùntàn yẹn tán. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lánàá, ó ń ṣàlàyé fún gbogbo wọn bí àwọn ará Scotland ṣe tẹ́ ojú irin sórí ẹrẹ̀ tó ń mì, igi wẹ́wẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ sísàlẹ̀. Onígbàjámọ̀ dá irun èèyàn mẹ́ta dúró. Má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́.


Glasgow
Ọjọ́ karùn-ún, Oṣù Kìíní, 1988

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ dárí jì mí. Mo ka lẹ́tà yín sí Ọ̀gbẹ́ni Meikle létí. Ìtìjú kọ́kọ́ mú ojú rẹ̀ pupa, ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpótí. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ní máàpù, òun kàn gbà gbọ́ pé ìwọ̀-oòrùn kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá.

Ó ti ṣe ètùtù ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ o. Ó kọ̀wé sí gbogbo olùtàwé tó mọ̀, ní ọjọ́ kejì ọdún ni ọ̀kan sì fi ìwé kan ránṣẹ́ láti Edinburgh. Bàbá, ìwé gidi rèé! Ó nípọn bí búrẹ́dì. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan ní Denver ló kọ ọ́, Maren Lindqvist. Kì í ṣe ti ọlọ́rọ̀, kì í ṣe ti olè. Àwọn tó tẹ́ irin tó sì ń tún un ṣe ní agbègbè wa ló kọ nípa wọn, àwọn Ṣáínà, àwọn Mẹ́síkò, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Navajo, àti àwọn ará Ireland. Mo kà á nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀. Ojú ìwé 88, fóòmàn jókòó sábẹ́ afárá, ó ń fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ tòtíyà jẹ ẹ̀wà tó ti dì. Mo pariwo. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ara mi yá.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Mo wo atọ́ka orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé. *Apodaca, Librado, 312.* Bàbá yín! Orúkọ bàbá bàbá mi nínú ìwé! Mo fẹ́ ṣí i, mo kọ̀ fún ara mi. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà á. Mo fi rìbọ́nnì pupa há ojú ìwé yẹn láìwo inú rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ nípa ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ pe Màmá jókòó kẹ́ ẹ tó ṣí i o.

Inú mi ń dùn ju ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ lọ.

Delfina yín


Dos Cerros
Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Kìíní, 1988

Delfina,

Ìwé náà dé. Má fi ìwé ránṣẹ́ mọ́.

Bàbá rẹ


Dos Cerros
Ọjọ́ kejì, Oṣù Kejì, 1988

Delfina ọmọ mi,

Èmi ni mò ń kọ ọ́ lónìí, bàbá rẹ kò mọ̀. Kí lo fi ránṣẹ́ sí wa yìí? Ṣé o mọ ohun tó wà níbẹ̀?

Ó pè mí jókòó bí o ṣe ní kó ṣe. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó nu gíláàsì ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣí ibi rìbọ́nnì yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fún mi, ohùn rẹ̀ wá dúró láàárín gbólóhùn. Ó pa ìwé náà dé, ó gbé e lé orí fíríìjì, ó jáde lọ wo àwọn adìyẹ. Títí ilẹ̀ fi ṣú ló ń wo adìyẹ. Mélòó ni adìyẹ wa?

Mo gun àga, mo kà á fúnra mi. Wọ́n kọ ọ́ pé ní 1923, nígbà tí reluwé tó ń kó lẹ́tà já sínú odò gbígbẹ ní Dos Cerros, Librado Apodaca, fóòmàn tó ń bójú tó ojú irin níbẹ̀, ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní ó mutí yó, kò lọ wo afárá. Ìlà mẹ́rin péré. Bí wọ́n ṣe kọ bàbá ọkọ mi tán nìyẹn.

Ó ti lọ sọ fún Viola pé òun kò ṣe mọ́. Ó tú pẹpẹ ìwé náà, ó kó igi rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Viola wá síbí, ó ní, "Crescencio, ọmọdé ni ọ́?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Tí o bá ti mọ̀ kí o tó fi ránṣẹ́, o ṣe ohun tí kò dára. Tí o kò bá mọ̀, kọ̀wé sí i. Ilé yìí dákẹ́ jù. Mo fẹ́ kó padà wá máa bá àwọn tó kọ̀wé jà.

Ìyá rẹ


Glasgow
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kejì, 1988

Bàbá mi,

Mo kí yín lórí ìkúnlẹ̀. Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, mi ò mọ̀. Ká ní mo ti ṣí ojú ìwé yẹn ni, ṣé màá fi rìbọ́nnì há a? Ẹ̀bùn ni mo rò pé mò ń fi ránṣẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Meikle bá mi yá ẹ̀dà mìíràn, mo sì ti kà á. Mo sunkún, inú wá bí mi, mo wá tún un kà bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ka káàdì aláìsàn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà, níbi tí lẹ́tà ti kéré: ìròyìn tí ilé iṣẹ́ reluwé fúnra rẹ̀ kọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lindqvist ti rí i. Kò sí ẹlòmíràn tó jẹ́rìí sí i. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, obìnrin náà ní ẹni tó bá rí àṣìṣe kó kọ̀wé sí òun. Nítorí náà, mo ti kọ ọ́. Mo fi ránṣẹ́ lánàá.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè, kẹ́ ẹ má sì gbá mi létí láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ sọ fún wa pé Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀ ló fi iṣẹ́ reluwé sílẹ̀, pé àgùntàn ló wù ú láti máa dà. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Tẹ́ ẹ bá bínú sí mi, ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ fún mi. Mo ti dàgbà tó láti gbọ́ ọ.

Delfina


Dos Cerros
Ọjọ́ ogún, Oṣù Kẹta, 1988

Delfina,

Ta ló ní kí o kọ̀wé sí obìnrin yẹn? Ta ló rán ọ? Oṣù kan gbáko ni mo fi bínú sí ọ. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà mẹ́rin, ìyá rẹ fi dá iná. Ó ní èébú wọn kò yẹ fún ọkọ̀ òfuurufú.

Ó dára. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ọjọ́ Àìkú ni, wọ́n ń ṣe ìsàmì fún àbúrò mi Refugio. Bàbá mi mu gíláàsì wáìnì kan. Mo rí i. Ọ̀kan ṣoṣo ni, ẹran àgùntàn ló fi tì í lẹ́yìn. Ó tó aago mẹ́ta ọ̀sán, ó gbójú sókè, ó rí i pé òjò ti ṣú dúdú lórí òkè lápá àríwá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń ràn lórí wa. Ó bọ́ kóòtù ìsàmì, ó fa ìborùn pupa kúrò léjìká ìyá mi, ó sáré.

Máìlì méjì ni láti ilé wa dé odò gbígbẹ kejì, o sì mọ bí òjò orí òkè ṣe ń kún un lójijì. Nígbà tó débẹ̀, omi ti ń jẹ ẹsẹ̀ afárá. Ó gba orí afárá yẹn kọjá, Delfina, nígbà tó ń mì, torí apá kejì ni reluwé ti ń bọ̀. Ó ń ju ìborùn náà fìrìfìrì. Awakọ̀ rí i, ó tẹ bíréèkì. Ẹ́ńjìnì kò dúró tán kó tó dórí afárá. Òun àti ọkọ̀ lẹ́tà rọra jókòó sínú ẹrẹ̀ bí màlúù tó rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń da èédú sínú iná kán. Gbogbo èrò tó wà lẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀ láìfarapa. Tí kì í bá ṣe ìborùn yẹn ni, gbogbo wọn ni ì bá lọ.

Àwọn ọ̀gá ti ọ́fíìsì wá. Ẹnì kan sọ fún wọn pé ìsàmì ni a ń ṣe lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní, "Librado, ṣé o mutí lónìí?" Bàbá mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, gíláàsì kan." Òun ni èèyàn kan ṣoṣo tó sọ òótọ́ nínú yàrá tí wọ́n ti bi í léèrè. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó mutí, wọn kò kọ ìyókù, wọ́n sì lé e kúrò níṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ gíláàsì yẹn ló dùn mí jù, torí òótọ́ ni. Irọ́ tó bá wọ ẹ̀wù òtítọ́, báwo lo ṣe fẹ́ bọ́ ọ lára rẹ̀?

Èyí tó burú jù nìyí: igi afárá yẹn ti jẹrà tipẹ́, bàbá mi sì ti sọ fún wọn. Ó sọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí wọn kò gbọ́, ó lọ bá tíṣà tó wà nílùú nígbà náà, Míìsì Tuttle, ó bá a fi gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Èmi ni mo bá a gbé adìyẹ tó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Míìsì Tuttle, torí náà mo mọ̀ dájú. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìsàmì ni. Kò sẹ́ni tó rí lẹ́tà náà mọ́.

Nígbà tí mo pé méjìdínlógún, mo lọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ reluwé yẹn kan náà, torí iṣẹ́ mìíràn kò sí. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ fún un. Ó ń rẹ́ irun àgùntàn lọ́wọ́. Ó ní, "Lọ. Ohunkóhun tí o bá rí lójú irin, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà tìrẹ." Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn ìwé kékeré mi fi kún àpótí méjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ̀yin ọmọ fi ń rẹ́rìn-ín mi.

Ó dára bẹ́ẹ̀. O ti gbọ́ ọ báyìí. Má jẹ́ kí ó pa ọ́ lẹ́kún.

Bàbá rẹ

Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé mi ò bínú mọ́. Ó dúró lẹ́yìn mi ni.


Glasgow
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹrin, 1988

Bàbá mi, Màmá mi,

Ẹ jókòó. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, mo ti ka inú rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Lindqvist kọ́kọ́ dá mi lóhùn nínú oṣù kẹta, lẹ́tà rẹ̀ tutù bí omi yìnyín. Ó ní òun kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ìwé tí òun bá rí lòun ń tẹ̀ lé, òun kì í tẹ̀ lé ìfẹ́ ọmọ sí bàbá àgbà rẹ̀. Mi ò sọ fún yín torí mi ò fẹ́ kí Màmá tún fi lẹ́tà dáná. Nígbà tí tiyín dé, mo dà á kọ sí gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gíláàsì wáìnì náà ń bẹ níbẹ̀, mi ò yọ ọ́. Mo fi ránṣẹ́ sí i.

Lánàá, nọ́ọ̀sì àgbà pariwo ní wọ́ọ̀dù pé, "Apodaca! Amẹ́ríkà ń pè ọ́ lórí fóònù, sọ fún wọn pé iṣẹ́ là ń ṣe níbí!" Mo rò pé ẹnì kan ti kú. Mo sáré pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. Obìnrin náà ni. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, "Gíláàsì yẹn ló mú mi dìde. Ẹni tó ń parọ́ kò ní fi gíláàsì sílẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀."

Ó ní òun padà sí yàrá tí wọ́n kó ìwé àtijọ́ ilé iṣẹ́ reluwé yẹn pamọ́ sí ní Denver. Ìwé ìjàǹbá nìkan lòun wò nígbà àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ṣí àpótí ti igi àti afárá, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí torí ìwé ríra ìṣó ló kún inú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi jókòó sídìí rẹ̀. Bàbá, ó rí i! Lẹ́tà ti Míìsì Tuttle! Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, bí ẹ ṣe wí. Wọ́n tilẹ̀ fi òǹtẹ̀ lù ú pé àwọn ti rí i gbà.

Ó béèrè bóyá àwọn ìwé kékeré tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣì wà. Ó ní òun fẹ́ wá sí Dos Cerros lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣílé, tí ẹ kò bá ní lé òun. Mo ní màá bi yín. Ẹ kọ̀wé sí i tààrà, àdírẹ́sì rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Bàbá, ẹ tún pẹpẹ ìwé yẹn kàn, mo bẹ̀ yín.

Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù kẹsàn-án. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ti wà lọ́wọ́ mi. Mo dúró kí n rà á kí n tó sọ̀rọ̀.

Delfina yín


Dos Cerros
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Karùn-ún, 1988

Delfina ọmọ mi,

Mo kí ọ dáadáa. Ìyá rẹ kí ọ. Viola kí ọ, ó ní òun ti fi máàkì kún tìrẹ ní kíláàsì kẹrin. Inú ilé yìí dùn sí oṣù kẹsàn-án débi pé ìyá rẹ ti ń fọ kọ́tìnì báyìí.

Mo tún pẹpẹ ìwé náà kàn bí o ṣe bẹ̀ mí, mo kọ̀wé sí obìnrin náà, ó sì wá lọ́jọ́ tí a ṣílé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń to ohun tí màá sọ fún un jọ, ní gẹ̀ẹ́sì àti ní èdè Spéìn, àwọn kan wà nínú rẹ̀ tí àlùfáà kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Mo rò pé èèyàn gíga ni. Ó kúrú, ó wọ bàtà tí eruku bò, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti Denver. Ó gba àárín gbogbo ìlú kọjá, ó dúró níwájú mi, kò tíì bọ èèyàn kankan lọ́wọ́. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Apodaca, mo ṣe àṣìṣe, mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ máa bá mi wí."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò jọ fò lọ. Mo ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Ìyá rẹ ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀ títí di òní.

Ó mú àwòrán lẹ́tà náà wá, ó ní èmi ni kí n kà á fún ìlú. Mo dìde. Ó tó ọgọ́ta èèyàn níbẹ̀, àwọn tó ń wa reluwé ẹrù náà wá. Mo kà á. Kò gùn. "Afárá odò gbígbẹ kejì, igi rẹ̀ méjì ti jẹrà nísàlẹ̀. Mo ti sọ ọ́ lẹ́nu. Mo tún ń sọ ọ́ nínú ìwé. Ẹ tún un ṣe kí òjò tó dé, ẹ jọ̀ọ́, èèyàn wà nínú ọkọ̀."

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà kọ́ ló dá mi dúró, Delfina. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni. Ọwọ́ Míìsì Tuttle ló kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mìíràn ló kọ orúkọ. Ó tóbi, ó wọ́, ó tẹ gègé mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gbẹ́ igi. *Librado Apodaca, fóòmàn.* Títí bàbá mi fi kú, mi ò mọ̀ pé ó lè kọ orúkọ rẹ̀. Àmì àgbélébùú bíi ti ẹni tí kò mọ̀wé la máa ń rí lórí gbogbo ìwé rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ó mọ̀ ọ́n kọ. Ó kàn jẹ́ pé kò tún fún wọn ní orúkọ rẹ̀ mọ́ ni.

Mi ò lè ka orúkọ náà sókè. Viola bá mi kà á. Mo lọ wo ìta lójú fèrèsé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti tẹ bébà àtúnṣe kékeré kan tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ojú ìwé 312, ó ní tí wọ́n bá tún ìwé náà tẹ̀, òun á kọ ọ́ dáadáa. Èmi fúnra mi ni mo lẹ ti orí pẹpẹ wa. Ọjọ́ méjì ló lò ní ilé wa, ó tú ìwé kékeré mi gbogbo sórí tábìlì oúnjẹ, ó ń pariwo bí ẹni tó rí góòlù torí pé mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní 1938 òjò yìnyín fọ́ fìtílà mẹ́ta. A jà lórí iye igi tí ọkùnrin mẹ́rin lè tẹ́ lóòjọ́. Mo borí.

Ìwé mọ́kànlá ló wà lórí pẹpẹ báyìí, gbogbo wọn ni mo kà. Mo rò pé àwọn awakọ̀ ló máa kọ́kọ́ yá ìwé. Rárá o. Ìyá rẹ ni. Ọdún méjìlélógójì tí mo fẹ́ ẹ, kò ka ìwé reluwé rí. Ó ní òun ti gbọ́ ọ tó lẹ́nu mi lójú oorun. Ó gba iwájú gbogbo èèyàn kọjá, ó mú èyí tó nípọn bí búrẹ́dì yẹn, ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú káàdì, ó wo Viola lójú, ó ní, "Ọjọ́ mélòó lẹ fún mi?"

Láti ọjọ́ náà, mi ò rí oúnjẹ gidi jẹ. "Crescencio, kí ni wọ́n fi ń so irin méjì pọ̀?" "Crescencio, kí ló dé tí àlàfo fi ń wà láàárín wọn?" Mo ní ooru ló ń mú irin gùn. Ó ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?" Mo ní kò bi mí rí. Ó ní mi ò dákẹ́ rí kí òun lè ráyè béèrè.

Ó ti dé ojú ìwé 140 báyìí. Ó ní ibẹ̀ kò dára, wọ́n kọ ọ́ pé ìyàwó àwọn fóòmàn kò ṣe nǹkan kan lójú irin. Ó ní òun fúnra òun dúró pẹ̀lú àsíá pupa níbi ojú irin tó já ní 1951 nígbà tí gbogbo ọkùnrin lọ gbé òkúta. Òótọ́ ni. Mo ti gbàgbé.

Mi ò lè kọ jù báyìí lọ. Bírò kan ṣoṣo ló wà nílé yìí, ó ti na ọwọ́ sí mi. Ó ní Denver ni òun fẹ́ kọ̀wé sí.

Bàbá rẹ,
Crescencio Apodaca